Ẹlẹ́sẹ̀-dúdú: Bí a ṣe ń dá òdòdó kékeré kan mọ̀ lórí òkúta ẹfun Texas

Ẹlẹ́sẹ̀-dúdú, tí àwọn ará Texas ń pè ní blackfoot daisy, jẹ́ ewéko kékeré tó ń tan òdòdó funfun tí àárín rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò. Orí ilẹ̀ gbígbẹ olókùúta ẹfun ló ti ń hù, láti àárín gbùngbùn Texas títí dé Arizona, ó sì wọ àríwá Mẹ́síkò. Melampodium leucanthum ni orúkọ tó ń jẹ́ nínú ìwé. John Torrey àti Asa Gray ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1842. Gíga rẹ̀ kì í sábà ju 30 sẹ̀ǹtímítà lọ, ṣùgbọ́n ó lè fẹ̀ tó 60. Kì í ṣe ewéko tó ń kú lọ́dún tó bá hù. Òtútù a dé, ọ̀dá a dé, gbòǹgbò rẹ̀ á ṣì wà nílẹ̀, á sì tún rúwé. Láti oṣù kẹta títí di oṣù kọkànlá ló fi máa ń tan òdòdó bí ojú ọjọ́ bá gbà fún un.

Ohun tó bá ń tan òdòdó fún odidi oṣù mẹ́sàn-án lẹ́bàá ọ̀nà, ó yẹ kí ó rọrùn láti dá mọ̀. Kò rọrùn. Òdòdó funfun aláàárín yẹ́lò kún Texas fọ́fọ́, ojú wọn sì jọra tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá wo ojú nìkan yóò fi máa pe ẹ̀gbọ́n ní àbúrò, yóò máa pe àlejò ní ọmọ ilé. Ibi tí àmì gidi wà ni ìdí ewé, abẹ́ òdòdó àti ara èso. Ìwé yìí yóò tò wọ́n bí ó ti yẹ kí èèyàn máa wò wọ́n, yóò sì máa fi àṣìṣe òǹkọ̀wé rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Kò sí ìdí láti wá àpẹẹrẹ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, nítorí pé àṣìṣe tí èèyàn lè ṣe lórí ewéko yìí, òǹkọ̀wé náà kò fi ìkankan sílẹ̀ fún aládùúgbò.

Ilẹ̀ ni à ń kọ́kọ́ wò. Ibùgbé ẹlẹ́sẹ̀-dúdú tó gbajúmọ̀ jù ni Edwards Plateau, ilẹ̀ gíga kan tó tẹ́ rẹrẹ ní àárín Texas. Apá ìlà oòrùn rẹ̀, níbi tí omi ti gbẹ́ ilẹ̀ di òkè àti àfonífojì, ni wọ́n ń pè ní Hill Country. Ìyẹn ni èèyàn á bá pàdé bó bá ti Austin tàbí San Antonio kọrí sí ìwọ̀ oòrùn. Òkun tí kò jìn ló bo gbogbo ibẹ̀ ní nǹkan bí 100 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ìkarahun àwọn ẹ̀dá inú omi ń rọ̀ sí ìsàlẹ̀, ó ń dì mọ́ra, ó wá di òkúta ẹfun, irú òkúta tí wọ́n ń wà ní Ewékorò fi ṣe sìmẹ́ǹtì. Òjò tó ń rọ̀ ní ìlà oòrùn ibẹ̀ lè tó 850 mílímítà lọ́dún, ṣùgbọ́n bí a bá ń lọ sí ìwọ̀ oòrùn, ó ń dín kù títí yóò fi ku nǹkan bí 400. Èyí tó rọ̀ náà kì í pẹ́ lójú ilẹ̀. Òkúta ẹfun a máa là, omi a sì gba ojú rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Inú irú àwọn ihò bẹ́ẹ̀ ni omi tí ìlú San Antonio ń mu kóra jọ sí. Erùpẹ̀ orí òkúta fẹ́lẹ́, ibòmíràn kò ju ìka méjì lọ. Ẹfun inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ewéko rí irin fà bó ṣe yẹ, ni ewé àwọn ewéko tí wọ́n gbé wá láti ibòmíràn ṣe máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ níbẹ̀. Ewéko tó bá ń ṣe dáadáa nírú ibẹ̀ ti jẹ́wọ́ ara rẹ̀ dé àyè kan, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jọ ọ́ ló fẹ́ràn iyanrìn tàbí ilẹ̀ olómi ju òkúta ẹfun lọ.

Bí èèyàn bá fẹ́ mọ̀ bóyá òkúta ẹfun ni òkúta kan, kí ó kán fínígà sí i. Bó bá jẹ́ ẹfun, fínígà náà á hó kùṣùkùṣù. Òǹkọ̀wé yìí kà nípa ìdánwò yìí, inú rẹ̀ dùn, ó sì kọ́kọ́ dán an wò lórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀. Àtẹ̀gùn hó. Ó dán an wò lára ògiri gáréèjì, ìyẹn náà hó. Ó wá sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé orí àpáta ẹfun pọ́ńbélé ni wọ́n kọ́ ilé àwọn sí, àti pé ìdí nìyẹn tí ata kò fi ṣe dáadáa lẹ́yìnkùlé. Ẹfun wà nínú sìmẹ́ǹtì, torí náà ibi tí kọnkéré bá ti wà, fínígà á hó. Òkúta tó wà nínú ìgbẹ́ ni à ń dán wò, ojú tuntun rẹ̀ tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ ló dára jù.

Kí èèyàn tó wọ ìgbẹ́ ọ̀hún, kí ó mọ ẹni tó nilẹ̀. Ohun tó ju 90 lọ nínú 100 ilẹ̀ Texas ló wà lọ́wọ́ àwọn aládàáni. Wáyà àti pátákó ìkìlọ̀ kọ́ nìkan sì ni wọ́n fi ń lé àlejò. Òfin ìpínlẹ̀ náà gbà kí onílẹ̀ fi ọ̀dà pọ́púù fa ìlà òòró sára igi tàbí òpó, ní gíga ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹni tó bá rí ìlà náà ti gba ìkìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ wọlé. Òǹkọ̀wé yìí rí ìlà pọ́púù lára igi junípà léraléra, ẹwà rẹ̀ wù ú, ó sì ya fọ́tò rẹ̀ fún àwọn ẹbí nílé pé àwọn àgbẹ̀ Texas fẹ́ràn ọ̀ṣọ́. Ó ń rìn lọ láàárín ọ̀ṣọ́ náà bí ọmọ onílé, títí tí bàbá kan fi wa ọkọ̀ akẹ́rù wá bá a, tó bi í pẹ̀lú sùúrù bóyá ó mọ àwọ̀. Ibi tó dára fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ni ọgbà ìjọba àti etí títì ńlá. Wọ́n kì í jẹ́ kí èèyàn já ewé tàbí òdòdó nínú ọgbà ìjọba, ojú, imú àti awò nìkan ni à ń lò níbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ wo ohun tí kò ga ju 30 sẹ̀ǹtímítà lọ kò lè ṣe é lóòró. Yóò kúnlẹ̀ ni, tàbí kí ó dojú bolẹ̀. Kí ó wo ilẹ̀ náà dáadáa kí ó tó fi orúnkún kàn án. Ọrọ́ ẹlẹ́gùn-ún wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní prickly pear. Ẹ̀gún rẹ̀ ńlá kò burú tó àwọn wẹ́wẹ́ tí ojú kì í rí. Àwọn èèrà pupa tó ti Gúúsù Amẹ́ríkà dé náà wà níbẹ̀, àwọn tí wọ́n wọ Amẹ́ríkà láti èbúté Mobile ní Alabama ní nǹkan bí ọdún 1930 sí 1940. Erùpẹ̀ tí wọ́n ń kó jọ a máa rọ̀, a máa fúyẹ́, ojú ihò kì í sì sí lórí rẹ̀. Nígbà tí òǹkọ̀wé yìí rí irú òkìtì bẹ́ẹ̀ láàárín òkúta ṣóńṣó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó tó fẹ́ wò gan-an, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé òun rí ibi rírọ̀ kúnlẹ̀ sí. Èèrà wọ̀nyí kì í ta bí wọ́n bá ṣe ń gùn. Wọn á rọra gòkè, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á wá ibi tó wù ú lára itan, wọn á wá jùmọ̀ ta lẹ́ẹ̀kan náà. Òǹkọ̀wé bọ́ ṣòkòtò lẹ́bàá títì. Ọlọ́kọ̀ kan rọra nígbà tó rí i, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì tún tẹná mọ́ ọkọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ibi tí wọ́n ti ta á yọ róro funfun, bó ṣe máa ń ṣe fún gbogbo ẹni tí wọ́n bá ta. Kò dára kí èèyàn tú u.

Awò kékeré tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá ni irinṣẹ́ tó ṣe kókó jù. Bí a ṣe ń lò ó ni pé kí á gbé awò sún mọ́ ojú títí yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìpéǹpéjú, kí á wá máa gbé ewéko súnmọ́ awò títí ohun gbogbo yóò fi mọ́lẹ̀ kedere. Bí kò bá ṣeé já, ara ni à ń tẹ̀ bá a. Òǹkọ̀wé yìí ń lo tirẹ̀ bí ọlọ́pàá inú fíìmù, ó na ọwọ́ gbọọrọ, awò wà lókè òdòdó, ojú wà lókè lọ́hùn-ún, gbogbo nǹkan sì ń ṣe bàìbàì. Ó dá awò náà padà fún ẹni tó tà á, ó ní ojú rẹ̀ ti kú. Ọlọ́jà gba awò, ó gbé e sójú ara rẹ̀, ó gbé àtàǹpàkò rẹ̀ síwájú rẹ̀, ó ka gbogbo ìlà ọwọ́ rẹ̀ tán, ó sì dá a padà fún oníbàárà láìsọ ohunkóhun.

Ewé ni àmì àkọ́kọ́ lára ewéko fúnra rẹ̀. Ewé ẹlẹ́sẹ̀-dúdú a máa jáde ní méjìméjì lára igi, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, ní ojú oríkèé kan náà. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́rin ààbọ̀, etí rẹ̀ lè dán tàbí kí ó ya díẹ̀. Irun kúkúrú tó sùn mọ́ ara ewé ló jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú, irun náà ló sì ń bá a dín agbára oòrùn kù, tí kì í jẹ́ kí omi ara rẹ̀ tètè gbẹ. Bí ewé bá ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀kan wà nísàlẹ̀, tí èkejì wà lókè rẹ̀ lódìkejì igi, ewéko mìíràn ni. Kí a má wulẹ̀ wo òdòdó rẹ̀ mọ́.

Ibi tó rọrùn báyìí gan-an ni ìwé ìdánimọ̀ ti ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Ìbéèrè méjìméjì ni ìwé náà ń bi òǹkàwé: bó bá rí báyìí, lọ sí ìbéèrè 14; bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, lọ sí 27. Ẹni tó bá ṣi ẹsẹ̀ gbé ní ìbéèrè àkọ́kọ́, gbogbo ìrìn tó kù ti di àdánù, ṣùgbọ́n ìwé kò ní sọ fún un. Yóò kàn máa bi í ní ìbéèrè lọ ni. Ewéko tí òǹkọ̀wé yìí gbé ìwé tì jẹ́ èyí tí tata ti jẹ lára. Ó ti jẹ ewé ọ̀tún ní oríkèé kan, ó jẹ ewé òsì ní èyí tó tẹ̀ lé e, àwọn tó ṣẹ́ kù wá dà bí ohun tó ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Òǹkọ̀wé dáhùn bí ó ti rí i. Ìwé mú un la ìbéèrè kọjá títí ó fi gúnlẹ̀ sórí ewéko àbàtà kan tó ń gbé inú omi ní ìpẹ̀kun ìlà oòrùn ìpínlẹ̀ náà. Kò fura rárá. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé òun ti rí ewéko inú omi lórí àpáta gbígbẹ, ó sì fi àmì ìyanu mẹ́ta sí i nídìí. Oríkèé bíi márùn-ún ló yẹ kí èèyàn wò lára ewéko kan, kí ó sì wo ewéko méjì tàbí mẹ́ta, torí pé àpá tí ewé tó já fi sílẹ̀ máa ń hàn bí a bá fi awò wò ó.

Lẹ́yìn ewé ni òdòdó. Ìdílé ńlá tí ẹlẹ́sẹ̀-dúdú ti wá kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá: ibẹ̀ ni ewúro ti wá, ibẹ̀ ni ẹ̀bọ̀lọ̀, yúnyun, imí-eṣú àti Akíntọ́lá-ta-kú ti wá. (Akíntọ́lá yìí gan-an, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá kí ó tó gba oko wa, nítorí náà àwọn méjèèjì kì í ṣe àlejò ara wọn.) Nínú ìdílé yìí, ohun tí ojú ń rí bí òdòdó kan ṣoṣo, àpéjọ òdòdó kéékèèké ni. Àwọn tó wà létí, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn na ewé funfun kan jáde, òdòdó etí ni a ó pè wọ́n níhìn-ín. Àwọn yẹ́lò tó kó ara wọn jọ sáàárín, òdòdó àárín. Òdòdó etí ẹlẹ́sẹ̀-dúdú a máa jẹ́ mẹ́jọ sí mẹ́tàlá. Orí wọn máa ń là díẹ̀, bí èèyàn bá sì dojú wọn délẹ̀, ìlà pọ́púù tẹ́ẹ́rẹ́ lè wà lẹ́yìn wọn. Abo ni àwọn òdòdó etí yìí, àwọn nìkan ló ń so. Òdòdó àárín ní tiwọn ń pèsè àtíkè òdòdó, wọn kì í so èso kankan.

Òǹkọ̀wé yìí kò mọ èyí. Hibiscus tí olùkọ́ biology já wá sí kíláàsì nígbà tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ló ṣì wà lórí rẹ̀: ewé òdòdó márùn-ún, ìdí kan, inú kan, ó parí. Ó ka òdòdó etí, ó kọ “ewé òdòdó mẹ́wàá.” Ó wá fi abẹ́rẹ́ tú àárín rẹ̀, ó ń wá inú kan ṣoṣo náà tí èso máa ti jáde. Kò rí i. Ó tú òmíràn. Nígbà tí ilẹ̀ fi ṣú, gbogbo òdòdó tó wà nínú ìkòkò tí ìyàwó rẹ̀ gbé sẹ́nu ọ̀nà ti di ẹ̀fọ́ rírẹ́, òǹkọ̀wé sì ti pinnu pé aláìlèso ni ewéko náà.

Abẹ́ òdòdó gan-an ni ẹ̀rí tí kò ṣeé jiyàn lé lórí wà. Bí a bá yí òdòdó ẹlẹ́sẹ̀-dúdú padà, ewé aláwọ̀ ewé márùn-ún tó fẹ̀ ló gbá ìdí rẹ̀ mú, ìsàlẹ̀ wọn sì lẹ̀ mọ́ra, tó fi dà bí àwo kékeré. Márùn-ún ni, kì í ṣe ogún, kì í sì í gun ara wọn ní ìpele. Nínú àwo yìí, ẹsẹ̀ òdòdó etí kọ̀ọ̀kan ní èèpo tirẹ̀ tó yí i ká. Bí òdòdó bá rọ tán, èèpo náà a máa le mọ́ èso tó wà nínú rẹ̀, á dúdú, á sì tẹ̀ kọdọrọ bí ẹsẹ̀ tó wà nínú bàtà. Ibẹ̀ ni wọ́n sọ pé orúkọ rẹ̀ ní èdè Òyìnbó ti wá. Iye òdòdó etí tó ní ni iye ẹsẹ̀ dúdú tí yóò bọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá rí ẹsẹ̀ yìí kò nílò ìwé mọ́, ewéko tí òdòdó rẹ̀ ti kú sì tún dára fún ìdánimọ̀ ju èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tan lọ. Àwọn tó ń wá òdòdó kì í fẹ́ gbọ́ èyí, torí pé fọ́tò òdòdó tó ti kú kò wu ẹnikẹ́ni láti fi síta.

Àwọn tó jọ ọ́ pọ̀, ṣùgbọ́n mẹ́ta ló ń yọ èèyàn lẹ́nu jù. Àkọ́kọ́ ni lazy daisy, ẹ̀yà Aphanostephus. Ewé rẹ̀ ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, òdòdó etí rẹ̀ pọ̀ gan-an, èyí tó sì wọ́pọ̀ jù nínú wọn kì í gbé ju ọdún kan lọ. Ọ̀lẹ tí wọ́n ń pè é kì í ṣe àbùkù: ìgbà tí ọ̀sán bá ń pọ́n bọ̀ ló ń la ojú. Òǹkọ̀wé yìí dé ibi tí ó hù sí ní àárọ̀ kùtù, ó bá gbogbo wọn tí wọ́n káwọ́ mọ́ra, ó kọ ọ́ pé ọ̀dá ti fẹ́ pa wọ́n, àánú wọn sì ṣe é tó bẹ́ẹ̀ tó fi da omi inú ìgò rẹ̀ sí wọn nídìí. Nígbà tó ń padà lọ́sàn-án, wọ́n ti là rẹrẹ. Ó pẹ́ kí ó tó yé e pé kì í ṣe omi òun ló jí òkú. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ó ń sọ fún àwọn èèyàn pé ewéko Texas mọ oore.

Èkejì ni fleabane orí òkúta, Erigeron modestus. Èyí kì í kú lọ́dún tó bá hù, orí òkúta ẹfun kan náà ló sì ń gbé, ibi tí ìṣòro ti wọlé nìyẹn. Òdòdó etí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, ó sì pọ̀ débi pé kò sí ẹni tó ní sùúrù láti kà á tán. Ẹni tó bá ti ń kà tó kọjá mẹ́tàlá, kí ó dúró. Kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀-dúdú. Ewé rẹ̀ náà ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀kẹta ló le jù, ìyẹn zinnia funfun, Zinnia acerosa, tó wọ́pọ̀ ní ìhà ìwọ̀ oòrùn. Ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń jáde ní méjìméjì, òdòdó rẹ̀ funfun, ó fẹ́ràn òkúta ẹfun, kì í sì í kú lọ́dún kan. Òdòdó etí rẹ̀ kò pọ̀, mẹ́rin sí méje ni, wọ́n sì fẹ̀. Ewé abẹ́ òdòdó rẹ̀ ń gun ara wọn ní ìpele-ìpele. Àmì tó tún dájú ni pé òdòdó etí rẹ̀ kì í rẹ̀ dànù. Yóò gbẹ bí pépà, yóò sì dúró sórí èso rẹ̀. Èyí ni òǹkọ̀wé yìí gbà lọ́wọ́ onílẹ̀ kan tó gbà á láyè, tó pè é ní ẹlẹ́sẹ̀-dúdú, tó fi sáàárín ìwé ìròyìn títí ó fi gbẹ, tó sì fi férémù sí i kọ́ ògiri pálọ̀. Oṣù ń gorí oṣù, òdòdó náà kò já. Gbogbo àlejò tó bá wọlé ló ń gbọ́ àlàyé nípa bí ọwọ́ òǹkọ̀wé ti tutù tó nínú iṣẹ́ gbígbẹ ewéko, nígbà tí ẹ̀rí pé orúkọ tó kọ sábẹ́ férémù kò tọ̀nà wà níbẹ̀ tó ń wo gbogbo wọn lójú.

Ní gúúsù Texas, ẹlẹ́sẹ̀-dúdú ní ìbátan tòótọ́ kan, Melampodium cinereum, tí ara rẹ̀ jọ tirẹ̀ gan-an. Ibi tó ti hù àti ìwọ̀n àwọn ewé abẹ́ òdòdó ni wọ́n fi ń yà wọ́n. Iṣẹ́ àwọn àgbà ni, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lè fi í sílẹ̀ láìjẹ gbèsè.

Fọ́tò ti di irinṣẹ́ ìdánimọ̀ báyìí, áàpù tó ń sọ orúkọ ewéko sì wà lórí fóònù. Áàpù kò lè mọ ohun tí a kò fi hàn án. Bí èèyàn bá ya ojú òdòdó nìkan, orúkọ mẹ́rin ló lè gbà nínú ìṣẹ́jú kan, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ìdánilójú. Fọ́tò mẹ́rin ló yẹ fún ewéko kọ̀ọ̀kan: gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀ tó hù sí, ewé àti oríkèé rẹ̀, abẹ́ òdòdó, àti èso. Kí ó tó mọ èyí, òǹkọ̀wé yìí fi fọ́tò kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí ìyá àgbà kan nínú ẹbí, ní Ìbàdàn, tó ti ń ta ewé àti egbò láti ìgbà ọmọge rẹ̀. Òdòdó kún ojú fóònù, ó mọ́, ó dán. Ohùn màmá ló fi dá a lóhùn.

“Ọmọ mi, ojú lo yà yìí. Ta ló ń ra ojú? Ẹ̀yìn ewé rẹ̀ dà? Báwo ló ṣe dúró lára igi? Kí ló ń rùn?”

“Mà, inú ọgbà ìjọba ni. Wọ́n ní ká má ṣe já a.”

“Ta ló ní kó o já a? Imú rẹ ni mo ní kó o gbé lọ bá a.”

Òórùn wà lára àmì rẹ̀ lóòótọ́. Òdòdó ẹlẹ́sẹ̀-dúdú a máa ta sánsán bí oyin, pàápàá níbi tí ó bá ti pọ̀. Òǹkọ̀wé gbé imú lọ bá a, bí ìyá ti wí. Oyin tòótọ́ ló gbọ́ òórùn rẹ̀, oyin tó ń fò tó sì ń ta náà sì ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀.

Ohun tí ìyá yìí béèrè kò yàtọ̀ sí ohun tí àwọn onímọ̀ ewéko ń béèrè kí fọ́tò tó dé. Ferdinand Lindheimer, ọmọ Jámánì tí wọ́n bí ní Frankfurt lọ́dún 1801, ló rin Hill Country já nígbà tí ọ̀nà kò tíì sí níbẹ̀. Láti 1843 ló ti ń kó ewéko Texas ránṣẹ́ sí George Engelmann ní St. Louis, àti sí Asa Gray ní Harvard. Odidi ewéko ló ń tẹ̀ sáàárín pépà, pẹ̀lú gbòǹgbò, ewé, òdòdó àti èso, a sì kọ ibi tó ti rí i. Gray kò nílò láti fẹsẹ̀ tẹ Texas kí ó tó mọ ohun tó wà níwájú rẹ̀. New Braunfels ni Lindheimer fìdí kalẹ̀ sí, ibẹ̀ ló ti ń ṣe olóòtú ìwé ìròyìn èdè Jámánì, ibẹ̀ náà ló kú sí lọ́dún 1879. Lindheimera texana, òdòdó yẹ́lò kan nínú ìdílé ewúro kan náà, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè. Lónìí, ibi tó rọrùn jù láti rí ẹlẹ́sẹ̀-dúdú tí wọ́n ti kọ orúkọ sí nídìí ni Lady Bird Johnson Wildflower Center ní Austin. Lady Bird Johnson, aya Ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, àti òṣèré Helen Hayes ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1982. Láti 2006 ló ti wà lábẹ́ Yunifásítì Texas. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wo èyí tí wọ́n ti kọ orúkọ sí, tó yí òdòdó rẹ̀ padà láìjá a, yóò dín ìtìjú ara rẹ̀ kù púpọ̀ lóko.

Ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n dájú lè fẹ́ gbìn ín. Kò gbọdọ̀ wú u nínú igbó. Gbòǹgbò rẹ̀ kan ṣoṣo ló lọ tààrà sínú ojú òkúta, bó bá sì já, ewéko náà kì í yè. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ewéko ni kí ó ti rà á nígbà tó ṣì kéré. Oòrùn ló fẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́ àti ilẹ̀ tí kì í gba omi dúró. Òǹkọ̀wé yìí ra tirẹ̀, ó káàánú ilẹ̀ olókùúta tó wà lẹ́yìnkùlé, ó gbẹ́ gbogbo rẹ̀ kúrò, ó ra ilẹ̀dú àpò-àpò dí i, ó sì ń bomi rin ín láàárọ̀ àti lálẹ́. Ewéko náà ga lójijì, ó wó lulẹ̀, ìdí rẹ̀ sì rà. Èyí tó yè lára àwọn tó rà ni ọ̀kan tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sórí òkìtì òkúta tó gbẹ́ jù síta, tó sì gbàgbé síbẹ̀. Omi díẹ̀ ló ń fẹ́ títí gbòǹgbò yóò fi mú ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, òjò ń tó o, àyàfi bí ọ̀dá bá pẹ́ jù. Bí ìgbà òtútù bá ń parí lọ, wọ́n máa ń gé e kù sí ìdajì kí ó lè rúwé tuntun. Kì í pẹ́ láyé púpọ̀, ọdún díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àwọn ẹsẹ̀ dúdú tó bọ́ sílẹ̀ máa ń hù láàárín òkúta tó yí i ká.